Ọjọ́ Tí Màmá Leah Jókòó Nínú Ìkórè

Kì í ṣe pé Màmá Leah bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Leah o. Àwọn fúnra wọn ni Leah, orúkọ ìsàmì wọn ni. Ọlọ́run ò fún wọn lọ́mọ, ọkọ wọn, Hezekiah Gbọ́njúbọ́lá, tó jẹ́ kátíkíìsì abúlé, sì ti lọ sọ́run tipẹ́. Ohun tó kù fún wọn láyé ò ju yàrá kan nínú ilé ẹbí Gbọ́njúbọ́lá ní Abà Olókùúta, ibi ààrò tí wọ́n ti ń yan gàrí, àti ẹnu. Ẹnu yẹn! Mo ti bá dírẹ́bà tó mu ẹmu yó jà rí. Mo ti bá ọlọ́pàá fa aṣọ ya rí. Ẹ̀rù ò bà mí. Ṣùgbọ́n tí Màmá Leah bá ti gbé ọwọ́ lé ìbàdí, tí wọ́n ní, "Múyì, wá ńbí," kíá lẹsẹ̀ mi máa gbàgbé pé ọmọ gáréèjì ni mí.

Èmi ni Múyì. Iṣẹ́ mi nígbà yẹn ò ju kí n máa pe èrò sínú lọ́rì ní Ìyànà Ọ̀fà lọ. "Ìwó, Ìwó, ó ku ẹnì kan péré!" Bẹ́ẹ̀ kò tíì sí nǹkan kan nínú ọkọ̀ ọ̀hún ju ewúrẹ́ méjì lọ. Mo gbọ́n, àbí kí n sọ pé mo rò pé mo gbọ́n. Kò sóhun tí wọ́n máa bi mí tí màá ní mi ò mọ̀. Ẹ bi mí lọ́nà abúlé tí mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, màá júwe ẹ̀ títí kan igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Àwọn tí mo júwe ọ̀nà fún, kò séyìí tó padà wá bú mi nínú wọn. Mo gbà pé wọ́n débẹ̀ ni.

Ìgbà tí Màmá Leah bá gbé gàrí wá sí gáréèjì, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọjà Ṣáṣá, la máa ń pàdé. Ẹni tébi ń pa ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn kó má jẹun, ṣùgbọ́n èébú ló máa kọ́kọ́ jẹ. Wọ́n gba obìnrin kan tí orí ẹ̀ dàrú sílé nígbà kan, wọ́n ń fá irun fún un, wọ́n ń bú u, wọ́n ń fá a, wọ́n ń bú u. Wọ́n gbé ọdẹ kan tí ejò bù jẹ lọ sí ọsibítù, ọdẹ ń ké, àwọn ń bi í ta ló ní kó lọ tẹ ejò mọ́lẹ̀ nígbà tí kì í ṣe ẹní. Tá a bá ní, "Màmá, ẹ rọra o," wọ́n á ní, "Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnu náà rí nǹkan ṣe."

Lọ́dún 1969 tí mò ń sọ yìí, Àgbẹ̀kọ̀yà ti jà, wọ́n ti jà tán, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà Abà Olókùúta sì sún sí ìparí ọdún, torí pé nígbà tó yẹ ká máa kórè, inú igbó làwọn olóko wà. Ìgbà yẹn gan-an ni Gánà lé àwọn èèyàn wa. Lọ́rì wọn ń kọjá lójú títì wa, wọ́n ń lọ sápá Èjìgbò. Ẹrù ga gogoro. Bẹ́ẹ̀dì lókè, ìkòkò lórí bẹ́ẹ̀dì, adìyẹ lórí ìkòkò, ọmọdé láàárín àwọn adìyẹ.

Ọ̀kan dúró lọ́dọ̀ wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó já ìyá àgbà kan àti àpótí onígi kan sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ìyá yìí jókòó sórí àpótí. Wọn ò pariwo, wọn ò sunkún. Wọ́n kàn ń wo ọ̀nà tí lọ́rì gbà lọ. Kíá la ti yí wọn ká, ẹ ṣáà mọ ará gáréèjì.

"Ìyá, ìlú ibo lẹ ti wá?"

"Kùmásì."

"Ta ni bàbá yín?"

"Ó ti kú. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà nígbà tí wọ́n gbé mi lọ. Ohun tí bàbá mi sọ ni pé abúlé wa wà lẹ́yìn Ìbàdàn, lọ́nà Ìwó, odò kan wà nítòsí ẹ̀."

"Abúlé wo ni odò ò sí nítòsí ẹ̀?" Dírẹ́bà kan ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Mo wà nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi gan-an ló dún jù.

Orúkọ wọn ni Mùjíbátù. Ọkọ wọn ti kú ní Kùmásì. Ọmọ ọkọ wọn ló gbé wọn sọ́kọ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ ná, òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀yìn náà ló wà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tá a gbọ́ ìyẹn tán, kò sí ìbéèrè mọ́. Ẹnì kan rántí pé òun fi iná sílẹ̀ nílé. Ẹnì kan ní àánú wọn ṣe òun, ó wọ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohùn Màmá Leah ló dá wa dúró.

"Ẹ̀yin aláròyé! Ẹ ti bi wọ́n ní bàbá, ẹ bi wọ́n ní ìyá, ẹ bi wọ́n ní odò. Ta ló ti bi wọ́n bóyá wọ́n jẹun?"

Gbogbo wa wolẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ẹ̀ já bọ́.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má dá àwọn yìí lóhùn, ariwo lásán ni wọ́n. Múyì, gbé àpótí."

"Màmá, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi o."

"Iṣẹ́ wo? Irọ́ tó ò ń pa fún èrò Ìwó? Gbé àpótí!"

Mo gbé àpótí.

Bá a ṣe dé Abà Olókùúta la bá Bàbá Josiah lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò Hezekiah tó ti kú ni wọ́n, àwọn ni olórí ẹbí Gbọ́njúbọ́lá, àwọn náà sì tún ni wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn tó máa ń de bọ́tìnì ọrùn bí oòrùn tilẹ̀ ń pa ejò. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Nǹkan tó bá ti létòò ni wọ́n fẹ́ràn, nǹkan tí Màmá Leah sì máa ń gbé wá sílé, kò létòò rí.

"Ìyàwó, ta tún nìyí?"

"Àlejò mi ni, ọkọ mi."

Màmá Leah jù wọ́n lọ dáadáa, ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ, ọkọ ni. Bàbá Josiah fa Màmá Leah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ náà ò jìnnà, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Ilé ẹbí nìyí, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Èyí tí ẹ gbà ní Kérésì èṣí, ó lọ. Ọdẹ yẹn náà lọ. Àmọ́ àgbàlagbà lèyí, kò níbì kan tó ń lọ. Tó bá ṣàìsàn ńkọ́? Tó bá kú, ta la máa ránṣẹ́ sí? Ibo la máa sin ín sí? Ìmàle ló tún jẹ́." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Mo fún un títí di ìkórè. Kó rí àwọn èèyàn ẹ̀ kó tó dìgbà náà. Bí kò bá rí wọn, ní ọjọ́ kejì ìkórè, kó máa lọ sí Èjìgbò, kó lọ bá àwọn tí wọ́n jọ dé."

"Mo ti gbọ́, ọkọ mi," ni Màmá Leah sọ. Wọn ò fi èébú kan ṣoṣo tì í. Ara mi bù máṣọ.

Ibi tí olóye èèyàn ti máa ń gbé ẹnu dákẹ́ nìyẹn. Èmi wá la tèmi.

"Bàbá Josiah, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí lé mi lọ́wọ́. Ẹ wo ojú wọn! Kí là ń wá kiri nígbà tí ilé bàbá wọn ti wà lójú wọn?"

Lóòótọ́, ilà kékeré kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì Ìyá Mùjíbátù, ẹyọ kan péré. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mọ́ roro. Ẹni tó mọ ilà á ti rí i pé nǹkan ò rí bó ṣe yẹ kó rí. Èmi tí mi ò mọ pélé yàtọ̀ sí àbàjà ni mo ṣàlàyé ẹ̀ fún gbogbo ilé, mo gbé ọwọ́ sókè bíi tíṣà. Mo ní ìdílé kan wà tí wọ́n máa ń kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n lè dá ara wọn mọ̀ lójú ogun. Ibo ni mo ti rí èyí? Ẹnu mi kàn ń bá a lọ ni, mo sì ń tẹ̀ lé e. Ìyá Mùjíbátù ń wò mí. Wọ́n fẹ́ẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ní, "Ìyá, ẹ má ṣèyọnu, mo ti mọ̀ ọ́n."

Ẹni tí mo kọ́kọ́ rántí pé ó ní nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì ni Bàbá Sàníù, tí oko ọsàn wọn wà lẹ́yìn gáréèjì. Mo mú Ìyá lọ. Mo dọ̀bálẹ̀ ìdajì, mo dìde ìdajì.

"Bàbá, ẹ kú oríire. Ẹbí yín ti dé láti Gánà."

"Ẹbí mi wo?"

"Ẹ wo ojú wọn. Ẹ wo tiyín. Ilà ìdílé kan náà!"

Bàbá Sàníù fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Èyí?"

"Òun náà ni, Bàbá."

Wọ́n wo ìyàwó wọn. Ìyàwó wọn wo ilẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín máa bẹ́, ó bẹ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì pọ̀. Bàbá Sàníù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ṣí fìlà nu ojú.

"Orí ọ̀pẹ ni mo ti já bọ́, ìwọ ọmọ yìí! Kùkùté ló kọ ilà yìí fún mi. Tó bá jẹ́ ìdílé kùkùté lò ń wá, gba ẹ̀yìnkùlé, wọ́n pọ̀ níbẹ̀."

Ìyàwó wọn kó ọsàn fún Ìyá Mùjíbátù, ó bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kí Ọlọ́hun jẹ́ kí wọ́n rí ẹni tí wọ́n ń wá. Èmi, wọn ò fún mi lọ́sàn.

Ká ní ibẹ̀ ni mo ti ṣíwọ́ ni, ẹ̀rín nìkan ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà kan sọ fún mi pé ìdílé kan wà ní Erunmu, ìdílé Bàbá Gàfárù, tí wọ́n gbé ọmọbìnrin wọn kan lọ sí Gòlú Kóòsì, ìyẹn Gánà, láyé àtijọ́, wọn ò sì gbúròó ẹ̀ mọ́. Ayé ti dùn! Mi ò tiẹ̀ bi Ìyá Mùjíbátù ní nǹkan kan. Mo ránṣẹ́ ṣáájú sí Erunmu pé mo ti rí i, mo sì fi kún un pé ilà ojú wọn bára mu. Ta ló bi mí?

Nígbà tá a dé, gbogbo agboolé ti jáde. Ìyá àgbà kan tí ojú wọn ti ń fọ́ ni wọ́n dì mú wá. Àwọn ni ẹ̀gbọ́n ọmọ tó sọnù. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n bá orí Ìyá Mùjíbátù, wọ́n bá èjìká, wọ́n gbá wọn mọ́ra, wọ́n bú sẹ́kún. Ìyá Mùjíbátù náà bú sẹ́kún. Àwọn obìnrin ilé gbà á, èmi náà ń sunkún, mo sì ń wo ìdí ààrò bóyá adìyẹ ni wọ́n máa pa.

Ìyá àgbà yẹn wá ní, "Àdùkẹ́ mi. Àdùkẹ́. Dá mi lóhùn."

Ẹ ẹ̀ rí i, Ìyá Mùjíbátù lè jẹ́ orúkọ yẹn. Ta ló máa mọ̀? Wọ́n yọ ara wọn kúrò lọ́wọ́ ìyá yẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ní, "Àbẹ̀ní ni ìyá mi ń pè mí."

"Àdùkẹ́ ni tiwa," ni ìyá àgbà yẹn sọ.

"Bóyá wọ́n yí i padà ní Gánà," èmi Múyì ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò mí bí ìgbà tí èèyàn ń wo ajá tó rìn wọ mọ́ṣáláṣí.

Wọn ò lé wa o. Wọ́n fún wa lóúnjẹ, Bàbá Gàfárù fúnra wọn ló sìn wá dé ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹkún tó ti jáde, kò ṣeé kó padà. Ìyá àgbà yẹn ṣì ń pe Àdùkẹ́ nígbà tá à ń jáde lẹ́nu ọ̀nà.

Inú ọkọ̀ ni Ìyá Mùjíbátù ti bá mi sọ̀rọ̀. "Múyì, ọmọ mi, ó tó. Má mú mi lọ sílé ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tí wọ́n gbá mọ́ra tí wọ́n tún jù sílẹ̀, ì bá sàn kí wọ́n má gbá a mọ́ra rárá."

Mo san owó ọkọ̀ àwa méjèèjì láì ná an. Kọ̀ǹdọ́ bi mí bóyá inú ń run mí.

Màmá Leah ń yan gàrí nígbà tá a wọlé. Wọn ò béèrè bó ṣe lọ, ojú wa ti rò ó. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ àwáwí, mo ní ilà yẹn ló tàn mí, mo ní ó ní láti jẹ́ pé olóòlà tó kọ ọ́ ni kò mọ iṣẹ́. Màmá Leah fi ìyàngàrí sílẹ̀, wọ́n mú àgbọ̀n Ìyá Mùjíbátù, wọ́n yí ojú wọn síbi ìmọ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe yín níbí?"

"Gìrì ni. Gìrì máa ń gbé mi ní kékeré. Àwọn ará Kùmásì ló sín in sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n fi oògùn ra á."

"Gbẹ́rẹ́ ni?"

"Gbẹ́rẹ́ ni."

Màmá Leah yíjú sí mi wẹ́rẹ́. "Ó wá ń gbé gbẹ́rẹ́ gìrì kiri gbogbo ilẹ̀ Ìbàdàn! Ẹ̀gbọ́n, èé ti ṣe tẹ́ ẹ ò sọ fún un?"

"Kò bi mí. Ó ń ṣàlàyé ojú mi fún mi, mo ní kí n má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ."

Màmá Leah rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó lé àpò gbágùúdá. Ìyá Mùjíbátù náà ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni kò rí ibi tó máa fojú sí. Bí ẹ̀rín ṣe ń lọ sílẹ̀ ni Ìyá Mùjíbátù bá ní, "Ẹ jẹ́ n máa lọ sí Èjìgbò, àbúrò mi. Ẹ jẹ́ n lọ kí ìkórè tó dé. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó lè ní òun lé e."

Màmá Leah ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Nígbà tí Hezekiah kú, wọ́n wo iwájú mi, wọ́n wo ẹ̀yìn mi, wọn ò rọ́mọ. Wọ́n ní kí ló kù tí mò ń ṣe nínú ilé yìí. Bí mo ṣe ń gbàdúrà, mi ò gbọ́ kí Olúwa bi mí ní ilé wo ni mo ti wá rí. Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá lé yín, wọ́n á ti lé àwa méjèèjì pọ̀. Múyì, kí lo dúró wò? Lọ pọnmi!"

Mo lọ pọnmi.

Ọjọ́ ìkórè pé. Mo lọ. Ẹ má rò pé Ọlọ́run ni mo bá lọ, ìrẹsì ni mo bá lọ. Mo yá táì dírẹ́bà kan tó kúrú débi pé àyà mi ló parí sí. Ṣọ́ọ̀ṣì kún. Lábúlé, ìkórè kì í ṣe ti onígbàgbọ́ nìkan. Bàbá Sàníù wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọsàn wọn. Ìyá Mùjíbátù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Leah, ìborùn funfun lórí, abọ́ gàrí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yan lórí itan. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọ̀la ni wọ́n ń lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: Bàbá Josiah á dúró níwájú, wọ́n á pe ìdílé kọ̀ọ̀kan, ìdílé á tò, wọ́n á jó lọ síwájú pẹ̀lú nǹkan ìkórè wọn. Ìyálé ilé ló máa ń ṣáájú. Bí ìyálé ò bá tíì ṣísẹ̀, ọkùnrin kankan ò gbọdọ̀ ṣísẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ olórí ẹbí. Wọ́n bá ìlànà yìí nílẹ̀ ni.

"Ìdílé Akínwándé, ẹ máa bọ̀ wá dúpẹ́!" Wọ́n jó lọ, wọ́n jó bọ̀.

"Ìdílé Gbọ́njúbọ́lá, ẹ máa bọ̀ wá dúpẹ́!"

Àwọn Gbọ́njúbọ́lá dìde, wọ́n tò, wọ́n gbé iṣu lérí. Akọrin bẹ́ sórin. Màmá Leah, ìyálé wọn, tí kò sẹ́ni tó ń jó bíi tiwọn lábúlé náà, jókòó síbẹ̀, wọ́n káwọ́ lé itan.

Akọrin kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ń wo ẹ̀yìn. Ẹni tó ru iṣu tó tóbi jù ti gbé e kalẹ̀. Bàbá Josiah rọra sọ̀ kalẹ̀ wá, wọ́n tẹ̀ síbi etí Màmá Leah. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni.

"Ìyàwó, kí ló dé?"

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, ọkọ mi."

"Ẹsẹ̀ tó lọ sóko tó bọ̀ lánàá?"

"Òun náà ni. Ó ní bí àlejò òun ò bá jó, òun ò jó."

"Inú ilé Ọlọ́run la wà o!"

"Mo kúkú mọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó jẹ́jẹ́."

Àwọn èèyàn ti ń fọwọ́ bo ẹnu. Òógùn bo Bàbá Josiah. Ohùn wọn wá yí padà, ó dà bí ohùn ẹni tí ọ̀rọ̀ sú lóòótọ́. "Ìdílé wo ni kí n pè wọ́n mọ́, Leah? Wọn kì í ṣe Gbọ́njúbọ́lá. Wọn kì í ṣe ẹnì kankan tá a mọ̀. Ṣé kí n dúró níwájú pẹpẹ kí n purọ́ ni?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ purọ́? Àlejò ni wọ́n. Ẹ pe àlejò."

Bàbá Josiah padà síwájú. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n tún bọ́tìnì ọrùn ṣe. "Gbogbo ẹni tó bá jẹ́ àlejò láàárín wa, ẹ máa bọ̀ wá dúpẹ́." Ó dájú pé wọ́n rò pé ẹnì kan péré ló máa dìde, kó lọ kíá, kó bọ̀ kíá, kí ìdílé àwọn lè rí ọ̀nà.

Ìyá Mùjíbátù dìde. Wọ́n ń lọ, wọn ò jó, wọ́n gbé abọ́ gàrí dání. Wọn ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí Àgàtú kan tó ń ṣe lébìrà nínú oko kòkó fi dìde lẹ́yìn. Ó ní, "Èmi náà." Tíṣà Títílọpẹ́ dìde, ó ní ọmọ Ìjẹ̀bú lòun, òun ò tíì mọ ilé ẹnì kankan níhìn-ín ju ilé ìwé lọ. Télọ̀ tẹ̀ lé e. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dójú ẹ̀ ni ìgbà tí ìyàwó Bàbá Josiah gangan gbé iṣu kúrò lórí ìlà Gbọ́njúbọ́lá.

"Ìyá Akínwálé, ibo lò ń lọ?" ni Bàbá Josiah bi ìyàwó wọn.

"Ìsẹ́yìn lẹ ti fẹ́ mi wá, ọkọ mi. Ṣé ilé yìí ni wọ́n bí mi sí ni?"

Háà! Gbogbo ìyàwó ilé bá rántí ilé bàbá wọn. Èyí ní ọmọ Ìrókò lòun, èyí ní ọmọ Láńlátẹ̀. Wọ́n ń tú jáde ní gbogbo ìjókòó. Màmá Leah, tí ẹsẹ̀ ń dùn, fò sókè bí ọmọdé.

"Ọmọ Mọ́níyà ni mí o!"

Wọ́n sáré bá Ìyá Mùjíbátù, wọ́n di ọwọ́ wọn mú, ijó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin Gbọ́njúbọ́lá dúró bí igi ọgbà, kò sí ìyàwó kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Èmi ń pàtẹ́wọ́, mo ń gbádùn ara mi. Bàbá Sàníù fi ìgbúnwọ́ gún mi. "Ìwọ ńkọ́, ọ̀gá ilà? Ilé wo ni tìẹ níhìn-ín?"

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí. Mo bá bàbá mi jà, mo wọ ọkọ̀, mi ò sì wẹ̀yìn. Gbogbo gáréèjì ni mo ti sọ fún pé ọmọ onílẹ̀ ni mí, pé bàbá bàbá mi ló gbin igi tó wà lẹ́nu ìyànà. Àwọn dírẹ́bà tó gbà á gbọ́ wà níbẹ̀. Mo wo iwájú, mo rí Ìyá Mùjíbátù tó ń fi ìborùn jó, mo dìde. Mo jó lọ, táì mi ń fò sí mi lójú. Ariwo tí wọ́n pa lé mi lórí lọ́jọ́ náà, gáréèjì ò tíì gbàgbé ẹ̀.

Nígbà tá a dé iwájú, Màmá Leah yíjú padà, wọ́n na ọwọ́ sí àwọn ọkùnrin ilé wọn. "Ẹ̀yin ọkọ mi, ó kù yín o! Àwọn àlejò yín ti débí." Bàbá Josiah dúró. Mo rò pé inú á bí wọn. Wọ́n kọ́kọ́ tú bọ́tìnì ọrùn yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí ọ̀fun wọn nìyẹn, wọ́n wá jó wá bá wa.

Níta, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Josiah dúró níwájú Màmá Leah, wọn ò fẹ́ wò wọ́n lójú. "Yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín ṣófo. Kí wọ́n máa gbé ibẹ̀. Òrùlé ẹ̀ ń jò ṣá."

"Mẹ̀dáàsé," ni Ìyá Mùjíbátù sọ, wọ́n kúnlẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ẹ ṣeun," Màmá Leah dáhùn. "Wọ́n ní ṣé ọ̀la lẹ máa wá tún un ṣe."

Ọ̀la náà ni. Bàbá Josiah wà lókè pẹ̀lú páànù àti ìṣó, èmi di àkàbà mú nísàlẹ̀. Bàbá Josiah ń bú mi látòkè pé mò ń mì í. Màmá Leah ń bú Bàbá Josiah látìdí ààrò pé ìṣó àwọn ni wọ́n ń fi ṣòfò. Ìyá Mùjíbátù jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn, wọ́n ń bó gbágùúdá. Ọmọge kan kọjá lójú ọ̀nà, mo yíjú wò ó.

"Múyì!" ni Ìyá Mùjíbátù kígbe látẹnu ọ̀nà. "Ojú ẹ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ pa ẹni ẹlẹ́ni ni, aláìlójútì ọmọ yìí? Di àkàbà mú!"

Mo dì í mú.